Ẹ Dìde, Ẹ Pààrọ̀ Ìjókòó

Oríṣiríṣi eré ni wọ́n fi ń lo ìrọ̀lẹ́ ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọdé ń ta lúdò. Àwọn awakọ̀ tó ń retí èrò ní gáréèjì ń ta dráàfù, ìdérí ìgò ni wọ́n sì fi ṣe ọmọ rẹ̀. Àwọn bàbá àgbà wà lábẹ́ igi, wọ́n ń ta ayò, wọ́n sì ń fi ẹnu ṣáátá ara wọn bí ẹni pé wọn kò ní jọ jẹun alẹ́. Ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú lúdò lè sọ pé dáìsì ni kò ṣe dáadáa sí òun. Ẹni tí wọ́n bá nà nínú Whot lè sọ pé káàdì burúkú ni wọ́n pín fún òun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta ayò tàbí ṣẹ́ẹ̀sì kò rí ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Kò sí ohun tó pamọ́ lójú ọpọ́n. Gbogbo ohun tí mo rí ni ẹni tó kọjú sí mi náà rí. Ohun kan ṣoṣo tí n kò rí ni èrò tó wà lọ́kàn rẹ̀, òun náà kò sì rí tèmi.

Èrò ọkàn yìí ni mo fẹ́ kọ àròkọ mi lé lórí. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ nínú ṣẹ́ẹ̀sì, sùúrù ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, lẹ́yìn náà yóò kan àròjinlẹ̀, lẹ́yìn náà yóò kan ìfaradà. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n apẹja náà ní sùúrù, a kò sì gbọ́ pé ṣẹ́ẹ̀sì ló kọ́ ọ. Ohun tí èmi rí nínú eré náà yàtọ̀, ó sì wúlò fún mi ní ilé wa ju bí ó ti wúlò fún mi lórí pátákó lọ.

Àgùnbánirọ̀ kan ló mú ṣẹ́ẹ̀sì wọ ilé ẹ̀kọ́ wa nígbà tí mo wà ní JSS2. Ìṣirò ni wọ́n ní kó máa kọ́ wa, ṣùgbọ́n ó ní pátákó ṣẹ́ẹ̀sì kan nínú báàgì rẹ̀. Kọ́pà ni gbogbo wa ń pè é. Ilé 64 ló wà lójú pátákó náà, funfun àti dúdú, ẹni kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọ 16: ọba kan, ayaba kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ẹṣin méjì, ilé-ìṣọ́ méjì, àti pọ́ọ̀nù mẹ́jọ tó tò sí iwájú bí ọmọ ogun. Tiwa kò pé. Ẹṣin dúdú kan ti sọnù, ìdérí ìgò mínírà la fi rọ́pò rẹ̀. Ó ti mọ́ wa lára débi pé nígbà tí mo rí pátákó mìíràn tí ẹṣin rẹ̀ pé, ìdérí ni ojú mi kọ́kọ́ ń wá.

A tó ogún tó ń dúró lẹ́yìn kíláàsì, pátákó kan ṣoṣo ló sì wà. Kọ́pà pín wa sí ọ̀nà méjì. Ẹgbẹ́ kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì lápá ibí, ẹgbẹ́ kejì lápá ọ̀hún, kí olúkúlùkù tó fọwọ́ kan ọmọ, wọn yóò kọ́kọ́ gbìmọ̀. Ó ní òfin kan tó le. Nínú ṣẹ́ẹ̀sì gidi, ọmọ tí o bá ti fọwọ́ kàn ni o gbọ́dọ̀ ta. Èyí kò sòro fún wa. Èyí tó sòro ni pé kí a tó ta, a gbọ́dọ̀ kọ ìdáhùn sí ìbéèrè kan sínú ìwé: "Kí ló ń wá?" Kì í ṣe ohun tí àwa ń wá. Ohun tí ẹni iwájú wa ń wá pẹ̀lú ìṣísẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn.

Èmi yóò ṣàlàyé rẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n kan tí gbogbo ẹni tó ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì máa ń bá pàdé. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fi ń pa ọba níbẹ̀. Ẹni tó mú funfun yóò tètè mú ayaba rẹ̀ jáde, yóò tún mú bíṣọ́ọ̀bù kan jáde. Ọmọ tuntun yóò rí ayaba tó jáde yẹn, ara rẹ̀ yóò yá gágá, yóò máa lé e kiri, nítorí ọmọ tó lágbára jù ni, ó sì dà bí ẹni pé ó ń fi ara rẹ̀ wéwu. Ṣùgbọ́n ayaba náà ò wá ṣeré. Pọ́ọ̀nù kékeré kan wà níwájú bíṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọba, kò sì ní alábòó kankan àyàfi ọba fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni ayaba ń wò. Bí ó bá jẹ pọ́ọ̀nù yẹn, tí bíṣọ́ọ̀bù sì tì í lẹ́yìn láti ọ̀nà jíjìn, ọba ò lè jẹ ẹ́, kò sì lè sá. Ó ti parí. Ẹni tó bá béèrè pé "Kí ló ń wá?" kí ó tó máa lé ayaba kiri yóò rí i pé pọ́ọ̀nù kan péré tí òun bá tì síwájú ti tó láti ba gbogbo ètò náà jẹ́. Ohun tó ń pariwo kọ́ ni ohun tó ń wá.

Ẹ̀kọ́ kejì tí Kọ́pà fi kún un la kórìíra jù. Nígbà tí eré bá ti dùn, tí ẹgbẹ́ wa ti fẹ́ jẹ ayaba wọn, yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹ dìde, ẹ pààrọ̀ ìjókòó." Àwa tó ń lé wọn yóò lọ jókòó sí ibi tí wọ́n wà, ọmọ wọn yóò di tiwa, àwa ló kù tí yóò wá ọ̀nà àbáyọ. Inú máa ń bí wa. Ṣùgbọ́n ohun ìyanu kan wà níbẹ̀. Pátákó tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn ni mo rò pé kò sí ọ̀nà fún wọn mọ́, nígbà tí mo bá jókòó sí ọ̀hún, mo máa ń rí ọ̀nà méjì tàbí mẹ́ta. Mo sì máa ń rí ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, tí àwa tó ń ṣe é fún wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé a ń ṣe é. Pátákó ò yí padà. Ibi tí mo jókòó sí ló yí padà.

Kọ́pà parí ọdún rẹ̀, ó lọ. Ó fi pátákó àti ìdérí ìgò sílẹ̀ fún wa.

Bàbá mi jẹ́ awakọ̀ Micra, irú ọkọ̀ tí gbogbo ẹni tó bá ti dé Ìbàdàn mọ̀. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀. Iye kan wà tó gbọ́dọ̀ dá fún ẹni tó ni ín lójoojúmọ́, yálà èrò wà tàbí kò sí, ohun tó bá kù lẹ́yìn èyí àti owó epo ni tiwa. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba tuntun kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, epo tí a ń rà ní iye tí kò tó ₦200 fún lítà kan ti lọ sí nǹkan bí ₦500. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí èyí, kò sí ilé tí kò mọ bí ó ti rí. Ní tiwa, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní aago mẹ́rin ìdájí, ó sì ń dé pẹ̀lú owó tó kéré sí ti àtẹ̀yìnwá.

Oṣù keje ọdún yẹn ni mo parí JSS3. Ní ọjọ́ Àìkú kan bàbá mi sọ pé n kò ní lọ sí SS1. Ó ní òun ti bá àbúrò òun obìnrin tó ń gbé ní Òṣogbo sọ̀rọ̀, kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kí n máa kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ìyá mi fárí ga. Ó ní ọmọ òun ò ní fi ìwé sílẹ̀ ní agbedeméjì. Bàbá mi dáhùn, ìyá mi fèsì, títí àwọn ará ilé kejì fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní SS2 nígbà náà. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí òun lọ kọ́ iṣẹ́. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, kò sì tíì yé mi dùn. (Kọ́pà ti sọ fún wa rí pé nígbà tí ṣẹ́ẹ̀sì wà ní Íńdíà àti Páṣíà, kò sí ayaba lójú pátákó. Olùdámọ̀ràn ọba ló wà ní àyè rẹ̀, kò sì lè rìn ju ilé kan lọ. Ilẹ̀ Yúróòpù ni wọ́n ti yí i padà nígbà tí àwọn ọdún 1400 ń lọ sí òpin, tí ayaba fi di ẹni tó lágbára jù lórí pátákó. Àwa obìnrin inú kíláàsì pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo rántí rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú yẹn, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín.)

Ìjà náà ń lọ, ìsinmi gígùn sì ń tán lọ. Ohun kan wà nínú ṣẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará Jámánì fún ní orúkọ, zugzwang. Bí ó bá ti kàn ọ́, o gbọ́dọ̀ ta. O kò lè sọ pé kí wọ́n fò ọ́. Nígbà mìíràn, gbogbo ọmọ rẹ wà ní ibi tó dára, ìṣísẹ̀ èyíkéyìí tí o bá ṣe yóò ba nǹkan jẹ́, síbẹ̀ o gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀kan. Bí ilé wa ti rí nìyẹn. Oṣù kẹsàn-án ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni ò bá sọ ohunkóhun, ilé ẹ̀kọ́ yóò wọlé, n kò sì ní sí níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo mú ìwé ṣẹ́ẹ̀sì mi, mo kọ ọ́ sí ojú ewé kan: "Kí ni bàbá mi ń wá?" Ìdáhùn tó kọ́kọ́ wá ni owó, nítorí owó ni gbogbo ìjà náà dá lé. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Iṣẹ́ aránṣọ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Wọn yóò ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún mi. Wọn yóò san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀gá. Nígbà tí mo bá parí, wọn yóò san owó ìgbòmìnira, wọn yóò se ìrẹsì fún àwọn tó bá wá bá wa yọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ni mo ń lọ, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn débẹ̀. Òṣogbo ò lè dín owó kù. Bí ìṣísẹ̀ kan ò bá bá ohun tí o rò pé ẹnì kan ń wá mu, ohun mìíràn ló ń wá. Mo fa igi lé owó.

Mo wá ṣe bí Kọ́pà ti máa ń ní kí a ṣe. Mo gbé ara mi jókòó sí ibi tí bàbá mi wà. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ibi tó kàwé dé: "Mo ka ìwé dé kíláàsì kẹrin. Ta ló ti fi ìwé kíláàsì kẹrin gba iṣẹ́ rí?" Bàbá rẹ̀ ló kú nígbà tó wà ní kíláàsì náà. Kò parí ìwé, kò sì kọ́ iṣẹ́ kankan. Ó ru ẹrù ní ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rí ẹni tó kọ́ ọ ní ọkọ̀. Gbogbo wa ti gbọ́ ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fetí sí i mọ́. Ní alẹ́ yẹn mo fetí sí i. Lábẹ́ owó tí mo fa igi lé, mo kọ ọ́ pé: "Ó ń bẹ̀rù àárín ọ̀nà."

Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lákọ̀ọ́kọ́. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo fẹ́ máa sọ ohun tó wà nínú ọkọ mi fún mi?" Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì ó ya ọ̀dọ̀ ìyá aránṣọ kan tó wà ní òpópónà kejì sí tiwa, ó bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tó dé, kò sọ fún mi ju gbólóhùn kan lọ: "Ó ti gbà."

A dúró kí bàbá mi jẹ àmàlà rẹ̀ tán. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo ní ọ̀rọ̀ kan." Ó ní kí n sọ ọ́.

"Bí mo bá lọ sí SS1, tí owó wá tán lójú ọ̀nà, kí lẹ fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi?"

Kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Ó fọwọ́ nu ẹnu. Ó ní, "Iṣẹ́. Kí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ."

Mo wá sọ fún un pé ìyá aránṣọ yóò gbà mí ní gbogbo Sátidé àti ní gbogbo ìsinmi, pé kò ní gba owó ìkọ́ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, pé bí ìwé bá dúró ní ọjọ́ kan, iṣẹ́ ò ní dúró. N kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ náà wà ní ẹnu mi, mo sì fi í síbẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ni ìṣísẹ̀ tó kàn.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ yìí?"

Ìyá mi ló dá a lóhùn: "Kọ́pà wọn ni."

"Kọ́pà tó ń ta ayò?" Ó mi orí. "A ó wò ó fún ọdún kan."

Mo ti sọ ìtàn yìí fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n sì máa ń sọ pé mo fi ṣẹ́ẹ̀sì na bàbá mi. N kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn. Ibí ni ṣẹ́ẹ̀sì ti yà kúrò lára ìgbé ayé. Lórí pátákó, bí o bá ti mọ ohun tí ẹnì kejì ń wá, wàá dí i lọ́nà ni. Bí ọba rẹ̀ bá kú, tìrẹ là. Nínú ilé, bí bàbá mi bá fìdí rẹmi, gbogbo wa la fìdí rẹmi. Àwọn bàbá àgbà tó wà lábẹ́ igi ní òfin tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ilé ju èyí lọ. Nínú ayò, bí ọmọ bá tán ní ilé ẹnì kejì rẹ, tí tìrẹ ṣì wà, o gbọ́dọ̀ ta á lọ́nà tí yóò fi rí ọmọ gbà, kí eré má bàa dúró. Kí ó tó lè fún ọ lésì, ìwọ gbọ́dọ̀ fún un ní ohun tí yóò fi ta á. Ṣùgbọ́n mímọ ohun tó ń bà á lẹ́rù kò sọ pé mo gbà pé ó tọ́ kó jẹ́ pé èmi obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ yàn. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lè jókòó sí àga ẹlòmíràn, kó rí gbogbo ohun tó ń rí, kó sì tún padà sí àga tirẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ ni mo rí i gbà. Sátidé ni wọ́n ń ṣe ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́, Sátidé kan náà ni mo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Láti ìgbà yẹn n kò lọ sí ìdíje kankan. Àwọn tí mo kọ́ bí ẹṣin ṣe ń rìn ti gba àmì ẹ̀yẹ, mo bá wọn yọ̀, ó sì ń dùn mí díẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Tunde Onakoya àti Shawn Martinez ará Amẹ́ríkà ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square ní New York láti wá owó fún ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, àwọn èrò inú Micra ni bàbá mi ti gbọ́ ọ. Ó dé, ó béèrè pé, "Ọkùnrin tó ń ta ayò ní Amẹ́ríkà yẹn, ṣé irú èyí tí ẹ̀yin ń ta náà ni?" Mo ní òun ni. Mo sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ni ọkùnrin náà ti kọ́ ọ, pé ní 2018 ló sì dá Chess in Slums Africa sílẹ̀, tó ń lọ bá àwọn ọmọdé ní ibi tí wọ́n ń gbé, títí dé Mákòókò àti abẹ́ afárá Òṣòdì. Bàbá mi ronú. Ó ní, "Wákàtí ọgọ́ta! Ta ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún un?"

Ọdún kan tó dá fún mi ti kọjá, kò sì sọ pé ó ti pé. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Àìkú ó máa ń ní kí n gbé ohun tí mo rán wá. Kì í wo iwájú aṣọ. Yóò yí i sódì, yóò fi àtàǹpàkò tọ ojú rírán láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ táyà ọkọ̀ wò. Mo ti lè rán yúnífọ́ọ̀mù, mo sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi láti pààrọ̀ síìpù fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣe WAEC tirẹ̀ tán, ó ń bá àwọn bíríkìlà ṣiṣẹ́ títí yóò fi rí ilé ẹ̀kọ́ gíga wọ̀.

Ní báyìí mo ń parí SS2, ọdún tó ń bọ̀ ni tèmi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn bàbá mi ní kí n mú ìwé tí wọ́n kọ iye owó ìdánwò sí wá. Ó kà á, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sí àpò àyà, kò sì sọ nǹkan kan. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí ìwé mi sí ojú ewé tuntun, mo kọ ìbéèrè náà sí òkè rẹ̀. N kò tíì kọ nǹkan kan sí abẹ́ rẹ̀.